Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Òfin Amẹ́ríkà Ni Ẹ Kọ́ Wa, Èkìtì La sì Fẹ́ Ti Ṣiṣẹ́

Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì,
Ẹ̀ka Ìdájọ́ Ọ̀daràn àti Ètò Ààbò,
Adó-Èkìtì.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ tó ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. A kò kọ lẹ́tà yìí láti rí yín fín. Ohun tí a sanwó fún ni a kò rí gbà, a sì fẹ́ kí ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, kí ẹ má baà pè é ní ariwo ọmọ ilé ìwé lásán.

Ìwé ẹ̀kọ́ tí ẹ tà fún wa ni olórí ẹ̀sùn wa. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, òfin Amẹ́ríkà ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí ọlọ́pàá ka ẹ̀tọ́ Miranda sí afurasí létí, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ àti láti ní agbẹjọ́rò. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní ọdún 1966 ló bí ìyẹn, kò sì de ọlọ́pàá kankan ní Òkèsà. Ó kọ́ wa ní grand jury, èèyàn 16 sí 23 tó ń gbọ́ ẹ̀rí kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan èèyàn nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn. Ó kọ́ wa ní district attorney, olùpẹjọ́ ìjọba tí ará ìlú ń dìbò yàn. Ta ló ń dìbò yan olùpẹjọ́ ní Èkìtì? Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ni abala 211 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún lágbára láti pe ẹjọ́, láti gba ẹjọ́ ṣe, tàbí láti dá a dúró. Àwọn ọlọ́pàá náà sì ń ro ẹjọ́ ní Májísíréètì. Nọ́ńbà pàjáwìrì tó jáde nínú ìdánwò wa, 911 ni. Ẹni tó bá pe 911 ní Ajílọ́sún, kó jókòó kó máa retí wọn. 112 ni tiwa.

Kò burú kí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìkéré, abala 35 ìwé òfin wa ló nílò. Ibẹ̀ ni òfin ti sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn sọ̀rọ̀. Pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Pé kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bí kò bá sí, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí láti fi kún un.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ gbígba ohùn sílẹ̀. Bí afurasí bá sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, Yorùbá ló yẹ kí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀, kó kà á sí i létí, kí onítọ̀hún buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìwé méjèèjì ni wọn yóò sì gbé síwájú adájọ́. Bí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò bá wá jẹ́rìí, agbẹjọ́rò afurasí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ à-gbọ́-sọ ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Bí afurasí bá sì ní ìyà ni wọ́n fi jẹ òun kí òun tó jẹ́wọ́, adájọ́ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ìjẹ́wọ́ yẹn lọ́tọ̀, nítorí abala 29 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 kò gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń fọ́ mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìwé yín kò dárúkọ rẹ̀. Kò dárúkọ òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn tí Èkìtì ṣe ní ọdún 2014, Òfin Ọlọ́pàá 2020, tàbí òfin ọdún 2019 tó sọ ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe.

Ẹ gba ₦25,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ àṣefihàn. Yíǹkì òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n gbé wá kí a fi tẹ ìka. Yíǹkì yẹn ń ṣàn, ó ń dí àárín ìlà ìka, káàdì á wá dúdú kirimu. Yíǹkì tó nípọn ló yẹ, èyí tí wọ́n fi róólà tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì. A ó nu ìka gbẹ, a ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti etí èékánná kan dé etí kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mẹ́wàá yóò fi pé. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ ìka mẹ́rin mẹ́rin papọ̀ nísàlẹ̀ káàdì, pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì.

Èyí tó bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ni ti aṣọ. Olùkọ́ da ọ̀dà pupa sí aṣọ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ni, ó ká a ní tútù sínú ọ̀rá, ó so ó pinpin, ó ní ẹ̀rí ti wà ní ìpamọ́. Aṣọ tútù inú ọ̀rá á bu, ooru á sì ba DNA ara rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Ńṣe là ń jẹ́ kó gbẹ níbi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn kò dé, kí a tó dì í sínú àpò bébà. Ara àpò la ó kọ nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́, aago, ibi tí a ti rí i àti orúkọ ẹni tó rí i sí. Gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Bí ìbuwọ́lù kan bá fò, wọ́n á bi ọlọ́pàá nínú kóòtù pé níbo ni aṣọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ìwé ìpolówó yín ní ND la ó gbà, a ó lọ NYSC lẹ́yìn ọdún méjì, ọlọ́pàá yóò sì gbà wá ní tààrà. Ẹni tó bá gba dìgírì tàbí HND ni NYSC ń gbà. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lè ṣèlérí iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ẹnikẹ́ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn pólì àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́, bá sì fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí IEI (ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aládàáni), NID (dípúlómà irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀) ló ń fúnni tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ND. Èwo ni tiyín? A ti béèrè ìwé ìfọwọ́sí yẹn, kò sẹ́ni tó fi hàn wá.

Ọ̀rọ̀ wa lórí IT (iṣẹ́ kíkọ́ ní ilé-iṣẹ́) olóṣù mẹ́rin kò gùn: ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ aṣọ́de ni wọ́n kó wa sí, à ń ṣí géètì. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ fi ìwé NBTE hàn wá. Kí ẹ wá agbẹjọ́rò tàbí ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ òfin Nàìjíríà, láti tún kọ́ọ̀sì òfin àti ti ẹ̀rí kọ́ wa kí a tó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Kí ẹ dá owó iṣẹ́ àṣefihàn padà tàbí kí ẹ ra irinṣẹ́ tó yẹ. Kí ẹ sì mú ìlérí ND, NYSC àti iṣẹ́ ọlọ́pàá kúrò nínú ìwé ìpolówó kí wọ́n má baà tún fi mú ẹlòmíràn. Òfin ọdún 2018 tó dáàbò bo oníbàárà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe tàbí dídá apá kan owó padà bí iṣẹ́ tí a sanwó fún kò bá dára tó. Bí a kò bá gbọ́ èsì láàárín ọjọ́ 14, ẹ̀dà lẹ́tà yìí yóò dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti NBTE. Ẹ lè fi èsì rán olórí kíláàsì wa.

Àwa ni tiyín,
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì