Ẹ jẹ́ kí dókítà máa wọ ọjà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí àwọn dókítà ìdílé tó ń kúrò ní ọ́fíìsì lọ bá àwọn obìnrin Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, láti yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹnu ilé ọmọ. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà kò ní pa ìsọ̀ tì lọ tò sórí ìlà ní ọsibítù nígbà tí nǹkan kan ò dùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: kókó inú ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá di egbò, tí àgbo ti sú wọn, ni wọ́n tó ń gbé e dé.

Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ò sì le tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọn á fi òwú tí wọ́n rì sínú fínígà kàn án; ibi tó bá funfun ni wọ́n máa tún wò dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV (kòkòrò àrùn tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ) tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 náà, ọ̀fẹ́ ni.

Mo bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí nítòsí ọjà, kí nọ́ọ̀sì obìnrin sì wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ní tú aṣọ níwájú ọkùnrin.

Òǹkàwé yín,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn