Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa tọ́jú èróńgbà iṣẹ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà táwa tíṣà bá ń kọ lẹ́sìn nóòtù (ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa) la máa ń kọ èróńgbà iṣẹ́ sí i, pé tíṣẹ́ bá parí ọmọ á lè ṣe báyìí báyìí, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, kò wá sẹ́ni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ ọ̀hún lè ṣe é lóòótọ́.

Praimárì 4 lèmi ń kọ́. Léṣìí, mo kó gbogbo èróńgbà ìṣirò inú kòríkúlọ́ọ̀mù NERDC (àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tá à ń kọ́ níléèwé) sínú Excel, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tiẹ̀, mo kọ ọ̀sẹ̀ tá a fẹ́ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí táwọn ọmọ bá mọ̀ mo kùn ún ní gíríìnì, èyí tí ò bá yé wọn, pupa. Fírákíṣọ̀n pọ́n kúdú! Àṣé nínú sikíìmù tiwa (ètò ohun tá a máa kọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan), ríro fírákíṣọ̀n pọ̀ wà lọ́sẹ̀ kẹta, LCM (nọ́ńbà tó kéré jù tí àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ fírákíṣọ̀n lè pín láìṣẹ́ kù) tí wọ́n máa fi rò ó wá wà lọ́sẹ̀ kẹfà, ọjọ́ pẹ́ tá a ti ń nàka sáwọn ọmọ pé olórí kunkun ni wọ́n.

Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà yìí náà làwọn kan fi ń da nóòtù èṣí kọ, mo rí ọ̀kan tí déètì àtijọ́ ṣì wà lórí ẹ̀ (ẹ̀rín pa mí). Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fáwọn ìjọba kí wọ́n fún wa láwọn èróńgbà yìí ní fáìlì tá a lè ṣí lórí fóònù, kì í ṣe ìwé fọ́tòkọ́pì tí ò ṣeé kà.

Tíṣà kan, Ìbàdàn.