Lẹ́tà sí Ìyá Juliana Rad, lórí ọ̀rọ̀ ìka tó fara gbọgbẹ́ ní Dačice

Ìyá Juliana,

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti lọ, ṣùgbọ́n hóró ṣúgà tí ẹ bèèrè fún kò lọ. Ó wà nínú àwo lórí tábìlì níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare, nítorí ìkómọ ọ̀la. Wọn yóò fi kan ètè ọmọ, wọn yóò ní kí ayé rẹ̀ dùn, gbogbo ilé yóò ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ Dačice, ìlú yín ní orílẹ̀-èdè Czech òní. Ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ yín. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin mọ bí ṣúgà ṣe rí kí hóró tó dé. Gogoro ni, ó ṣóńṣó lórí, ó le bí òkúta, wọ́n sì ń fi bébà búlúù wé e kí funfun rẹ̀ lè yọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á se omi ṣúgà títí tí yóò fi máa dì wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú ìkòkò amọ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, tí ihò kan wà nídìí náà. Omi dúdú tó ki á máa kán jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi amọ̀ funfun tútù bo ojú rẹ̀ lókè. Omi inú amọ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ gba àárín ṣúgà, á máa fọ dúdú tó ṣẹ́kù lọ sísàlẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ amọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá funfun tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbé e sí yàrá gbígbóná. Bó ṣe ń gbẹ, omi ṣúgà tó wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì á dì bí sìmẹ́ńtì. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ fọ́ nínú ilé ìdáná nìyẹn, pẹ̀lú àáké kékeré àti ẹ̀mú irin.

Kò ní ojú ìlà tí irin lè tẹ̀ lé bíi ti igi. Ẹ lè lù ú kó là, ẹ lè lù ú kó fò, ó sì lè jẹ́ pé orí rẹ̀ ni àáké yóò ti yọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlejò kan á rí òkúta tí kò wọ ife, èkejì á rí ẹ̀rúnrún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1841, àáké yọ̀, ó bá yín ní ìka.

Àwọn ará ìlú yín ṣì ń sọ ìtàn náà: ẹ fi ìka tí ẹ fi aṣọ dì han ọkọ yín, ẹ bi í pé ṣé kò lè ṣe ṣúgà tí yóò ti wà ní hóró láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó yẹ kí ẹ bi lẹ bi. Jakub Kryštof Rad, ọmọ Rheinfelden ní Switzerland, tí wọ́n bí ní 1799, ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣúgà Dačice nígbà náà. Iṣẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Grebner bẹ̀rẹ̀ ló bá nílẹ̀: ní 1829, Grebner ti ń fi gbòǹgbò bíìtì ṣe ṣúgà ní Kostelní Vydří, ìtòsí ibẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ ilé ìfọṣúgà sí Dačice. Ilẹ̀ òkè yẹn tutù, kò gba bíìtì dáadáa, ni wọ́n bá kọjú sí ṣúgà ìrèké tó ń gba èbúté Trieste wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Trieste yìí sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí Rad ṣe lẹ́yìn ìbéèrè yín dára púpọ̀, mo sì fẹ́ yìn ín bó ṣe yẹ. Ó rí i pé kò sí bí èèyàn ṣe máa gé gogoro yẹn tí kò ní fọ́ ní fífọ́kúfọ̀ọ́. Dípò kó máa gé e, ó rin ín bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́, ó jọ̀ ọ́ kí ẹyọ rẹ̀ lè ṣe déédéé, ó fi omi díẹ̀ wọ́n ọn, ó kó o sínú àwo idẹ oníhò, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kó gbẹ. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ wà nínú omi díẹ̀ yẹn. Omi náà kì í yọ́ ṣúgà. Awọ òde ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń yọ́. Tí ẹ̀rọ bá ti tẹ ẹyọ wọ̀nyí mọ́ra, tí omi sì ń gbẹ lọ, èyí tó yọ́ á tún padà dì ní ibi tí ẹyọ méjì ti fara kanra, á so wọ́n pọ̀. Ibi ìsopọ̀ wọ̀nyí kéré, wọ́n sì tín-ín-rín, ìdí nìyẹn tí hóró fi le lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tó ń tú kíá nínú tíì gbígbóná.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé lè mú ṣúgà lẹ́búlẹ́bú 100 gíráàmù, kó fi omi tó kún ṣíbí tíì kan wọ́n ọn, kó fi ìka pò ó títí yóò fi dà bí iyanrìn etí òkun tí ọmọdé fi ń mọ ilé. Kó tẹ̀ ẹ́ mọ́nú àwo tí wọ́n fi ń ṣe yìnyín, kí ó tẹ̀ ẹ́ gan-an, kí ó dà á jáde, kí ó jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Omi tó pọ̀ jù ló sábà máa ń bà á jẹ́: ṣúgà á yọ́ jù, á lẹ̀ mọ́ àwo, bó bá sì gbẹ tán á le bí gogoro àtijọ́. Tí omi bá kéré jù, igun rẹ̀ á máa ya. Tí ẹyọ bá dàpọ̀, ńlá pẹ̀lú wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ yọ́, ńlá á wà láìsopọ̀, hóró náà á fọ́ sí méjì. Tí wọ́n bá fi iná líle gbẹ ẹ, òde á sé kí inú tó gbẹ, omi inú á sì máa wá ọ̀nà jáde títí á fi sán. Ẹ̀rọ ńlá ń ṣe iṣẹ́ yìí kárí ayé lónìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ló ń bá wọn jà.

Wọ́n ní hóró 350, funfun àti pupa, ló wà nínú àpótí tí Rad gbé fún yín. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 1843, ìjọba Ọ́stríà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ọlọ́dún márùn-ún, pé òun nìkan ló lè máa ṣe é. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń tà á ní Vienna ní páálí oníhóró 250. Ó fi Dačice sílẹ̀ ní 1846, ó kú sí Vienna ní 1871. Lẹ́yìn rẹ̀, Eugen Langen ní Jámánì wá ọ̀nà mìíràn, Henry Tate ní Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀tọ́ Langen, ó là, ilé àwòrán kan ní London sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ní Dačice, òkúta funfun dídán ni wọ́n gbẹ́ bí hóró ṣúgà láti fi rántí. Orúkọ ọkọ yín ló wà lórí ìwé ẹ̀tọ́. Ìka yín ni wọ́n fi ń ṣe ìtàn.

Ìka yẹn ló ń dùn mí, ìyá. Mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ wo bí àgbáyé ṣe ń rántí rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá: ọgbẹ́ kékeré, aṣọ tí wọ́n fi dì í, ọkọ tó káàánú. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà tó gé e ti gba ọwọ́ mìíràn kọjá kó tó dé Trieste. Títí di 1846, owó ibodè tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lé ṣúgà tí ẹrú ṣe ní Kúbà àti Bràsíl ga débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọjà wọn. Àwọn èbúté Yúróòpù tó kù ló ń gbà á. Àwọn èèyàn wa wà nínú oko ìrèké wọ̀nyẹn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun ń jó ìlú lẹ́yìn ìlú, àwa fúnra wa la kó wọn lọ sí etíkun tà. Ní Kúbà wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí, ní Bahia ní Bràsíl wọ́n ń pè wọ́n ní Nagô. Ní ilé ìfúnrèké káàkiri Karibéánì, ẹni tó ń ki ìrèké bọ àárín irin kì í sùn tó lásìkò ìkórè. Tí oorun bá gbé e, tí irin bá ti mú ìka rẹ̀, apá ló ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà wọ́n máa ń gbé àáké sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n lè gé apá náà kó tó fa gbogbo ara wọlé.

Àáké nílé yín, àáké nílé ìfúnrèké. Ìgbà kan náà ni, ìyá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 1843, nígbà tí hóró yín ń wọ ilé àwọn olówó Vienna, obìnrin Lukumí kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato, ní Matanzas ní Kúbà. Wọ́n pa á. Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ ọ́ la mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà ìkómọ tirẹ̀ ti sọnù. Ní 1975, Kúbà fi orúkọ rẹ̀ pe ogun tí wọ́n rán lọ sí Àǹgólà. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ òkúta hóró ṣúgà fún un.

Ẹ má bínú sí mi. Mi ò sọ pé kò dùn yín nígbà tí àáké bà yín. Mi ò sì sọ pé ẹ̀yin lẹ ra èèyàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bi ọkọ yín ní ìbéèrè kejì níbi tábìlì yẹn: ta ló gé ìrèké rẹ̀?

A ò sì bọ́ nínú Trieste tiwa. Apápá ni tiwa. Ṣúgà pupa láti Bràsíl ni wọ́n ń kó wọ ibẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun, wọ́n á fọ̀ ọ́ funfun ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Dačice. Oko ìrèké wà ní Bacita, létí odò Ọya, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní 1964, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dọ́là ló ń sọ iye tí páálí kan jẹ́ fún wa. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kì í retí pé kí èèyàn ra páálí mọ́. Ó ti so hóró mẹ́ta mẹ́ta sínú ọ̀rá.

Ìtọ̀ ṣúgà tún wà nínú ilé yìí. Kíkà la ń ka hóró báyìí. Hóró kan níbí á wọn gíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún, àjọ ìlera àgbáyé sì ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju bí 50 gíráàmù lọ, pé tó bá jẹ́ 25 ló dára jù. Hóró márùn-ún tàbí mẹ́fà nìyẹn, ẹ̀kọ òwúrọ̀ nìkan sì lè gbé mẹ́rin mì. Ìwúlò hóró yín nìyí tí Rad kò rò: ẹni tó ń bu ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ń purọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n hóró ṣeé kà.

Òjò ti ń rọ̀ láti àná. Afẹ́fẹ́ tútù ti wọ inú páálí, hóró ti lẹ̀ mọ́ra, bí oòrùn bá sì ràn lọ́la, wọn yóò gbẹ di òkìtì kan. Ẹnìkan ti lọ mú ọ̀bẹ wá láti fi yà wọ́n. Mo ní kó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó yí ojú ọ̀bẹ sóde.