Wọn ò sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kíndìnrín kọjá fífọ ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta torí inú ń bí mi gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe dáyálísísì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, l'Óṣogbo níbí sọ fún nọ́ọ̀sì pé egungun ń ro òun, ara ń yún òun, òun ò sì rí nǹkan oṣù òun mọ́, èsì tó gbà ni pé ẹ̀rọ ló fà á, kó máa fara dà á. Kì í ṣe ẹ̀rọ o! Kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ ló fà á, wọn ò kàn sọ fún wa ni.

Dókítà kan ládùúgbò wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là wá lóye. Kíndìnrín ló ń ṣe EPO, ìyẹn họ́mónù, èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń mú kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń sọ fáítámì D di èyí tí ara lè lò, tí kò bá wá ṣiṣẹ́ mọ́, calcium tó ń mú egungun le á wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, phosphate, èròjà kan tó ń wá látinú oúnjẹ, á gbára jọ, àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin tó wà lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní parathyroid, á wá máa tú họ́mónù PTH jáde ju bó ṣe yẹ lọ, á máa fa calcium kúrò nínú egungun. Prolactin, họ́mónù tó ń mú kí ọmú ìyá ọmọ ṣe wàrà, náà á lọ sókè, nǹkan oṣù á dúró, agbára ọkùnrin míì á sì dínkù. Ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀jù ni ẹ̀rọ ń yọ, kò lè ṣe họ́mónù. Ìyá ọkọ àbúrò mi ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, ìjà ti fẹ́ tú ilé ká, nítorí pé wọn ò sọ fún wa!

Àwọn aláṣẹ mọ̀ ọ́n bá ẹ̀rọ tuntun ya fọ́tò. Lọ́dún 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé dáyálísísì á wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ilé ìwòsàn wọn kan, a dúpẹ́, àmọ́ owó abẹ́rẹ́ EPO àti ti àyẹ̀wò ńkọ́? Kí wọ́n fi wọ́n sábẹ́ ètò adójútòfò ìlera.

Èyí tí mo fẹ́ jù ni káàdì, bíi káàdì aláboyún. Kí wọ́n tó so èèyàn mọ́ ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n pe òun àti ẹbí ẹ̀ jókòó, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé, kí wọ́n wá máa kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, calcium, phosphate àti PTH ẹ̀ sórí káàdì náà pẹ̀lú déètì, kó máa wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra ẹ̀, tó bá dé Ìbàdàn wọ́n á rí i kà. Kí wọ́n kọ oògùn síbẹ̀ náà, torí oògùn tó ń dín phosphate kù, tó yẹ kéèyàn máa lò pẹ̀lú oúnjẹ, alaalẹ́ ni àbúrò mi ń gbé e mì kó tó sùn, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Èmi ni,
Olùkàwé yín ní Alékùwodò, Òṣogbo.