Sí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn nílé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Bí èèyàn bá ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Ìbàdàn yìí, gbogbo àdúgbò ni yóò máa bi í pé, "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹun?" Wọn á ní "Ẹ kú ìtọ́jú o," wọn á gbàdúrà, wọn á bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tí yóò ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sùn lánàá?" Èmi ń bi yín.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wákàtí méjì méjì la máa ń yí i kí egbò má baà dá sí i nídìí. Ní wọ́ọ̀dù, bílẹ̀ bá mọ́, àwọn mìíràn á gbà á lọ́wọ́ wa. Nílé, ta ni yóò gbà á? Ọmọ kan náà ló ń dìde ní aago méjìlá, ní méjì, ní mẹ́rin, tí yóò tún wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀.

Àárẹ̀ ara kọ́ ló burú jù. Ẹni tó máa ń sunkún tí màmá bá kérora, yóò dé ọjọ́ kan tí yóò máa gbọ́ ìkérora náà bí ẹni ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Inú á máa bí i sí aláìsàn. Àwọn kan ti fi omijé sọ fún mi rí pé ó ń ṣe àwọn bíi kí Ọlọ́run tètè mú bàbá lọ. Ọmọ rere ni wọ́n. Ọmọ tí kò bìkítà kì í rò ó débẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀ lóru.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ àmì tí a fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ti mu gbẹ, èyí tí òyìnbó ń pè ní burnout: okun rẹ̀ á tán, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ náà, yóò sì máa rí i pé òun kò ṣe nǹkan kan yanjú mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, àti pé ti ẹnu iṣẹ́ nìkan ni. Èmi kò bá wọn jà lórí èyí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wẹ ìyá rẹ̀ tọ̀sán tòru láìgba owó oṣù, bí ìyẹn kì í bá ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ wo ló kù?

Wọ́n ní igún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. N kò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣoore mọ́. Kí orí kan ṣoṣo má dá pá fún gbogbo ẹbí ni mo ń wí.

Ẹ pe ìpàdé. Ẹ má kàn sọ níbẹ̀ pé "ẹ ràn mí lọ́wọ́"; wọn á ní àwọn ti gbọ́, ó parí nìyẹn. Òru ni kẹ́ ẹ pín: "Bùrọ̀dá, alẹ́ Sátidé tiyín ni. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa mú màmá lọ rí dókítà." Èyí tó wà ní Kánádà, tó ń sunkún lórí fídíò, kó máa sanwó ẹni tí yóò sùn ti màmá lálẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Kíá lẹ ti ń wo ojú àbúrò yín obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, àfi bí ẹni pé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe bí i.

Bí ọwọ́ yín bá ti ń le lára aláìsàn, tí ẹ̀ ń fi tipátipá ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé abọ́ sílẹ̀, ẹ jáde síta. Ebi ìṣẹ́jú 20 kò lè pa màmá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìfúnpá wọn wò, ẹ na apá tiyín náà. Bí oorun kò bá wá mọ́ kódà lálẹ́ tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ wọn, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ̀yin gan-an má sí láyé, ẹ sọ fún dókítà. Àdúrà dára. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní aláìsàn nílé, ọ̀rẹ́ yín ní. Bẹ́ ẹ bá ń lọ kí i, ẹ má wulẹ̀ ra ọsàn àti búrẹ́dì. Ẹ ní kó fi ibi tí oògùn wà hàn yín, kó lọ sùn. Ẹ má sì jẹ́ kó ro àmàlà àlejò fún yín.

Èmi ni màmá yín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.