Lórí Pípa Ẹja Crappie: Ibi Tí Ìdẹ Jìn Dé Ṣe Kókó Ju Àwọ̀ Rẹ̀ Lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí lórí bí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe ń fi ẹja pípa najú lópin ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn pé ẹnìkan rántí wa, nítorí ó ti pé ọdún 11 báyìí tí mo ti ń pa ẹja crappie lórí àwọn adágún àríwá Mississippi. Àmọ́ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti dé orí fífi ọkọ̀ wọ́ ìdẹ crankbait kiri ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọ̀ ìdẹ ló ń pinnu ẹni tí yóò mú ẹja wálé. Ó sì ní bí oòrùn oṣù kẹfà bá ti ń mú, kí èèyàn lọ fi ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ pamọ́ títí omi yóò fi tún tutù. Mo wò ó títí, mo rí i pé àṣìṣe kan ṣoṣo ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: òǹkọ̀wé náà kò ka ibi tí ìdẹ jìn dé nínú omi sí rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Fún àwọn òǹkàwé tí kò mọ ẹja yìí, ẹja omi tí kò níyọ̀ ni crappie, Àríwá Amẹ́ríkà sì ni orírun rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà, dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àwọ̀ ara nìkan dá wọn mọ̀ yóò ṣì wọ́n mú, torí inú omi tó rú, àwọn méjèèjì á ṣì, wọ́n á sì jọra. Ẹ̀gún tó wà lẹ́yìn wọn ni à ń kà: dúdú sábà máa ń ní méje tàbí mẹ́jọ, ti funfun kì í sì í sábà ju mẹ́fà lọ. Ní ìpínlẹ̀ Louisiana, sac-a-lait ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fi èdè Faransé wò ó, àpò wàrà nìyẹn, ẹni tó bá sì ti rí bí ẹran rẹ̀ ṣe funfun tó kò ní bá wọn jiyàn. Ohun méjì nípa ara ẹja náà ló kan ọ̀rọ̀ mi. Ojú rẹ̀ sún mọ́ àtàrí, òkè ló sì máa ń wò nígbà tó bá ń wá oúnjẹ: ìdẹ tó bá gba òkè orí rẹ̀ kọjá, á gòkè lọ bá a, èyí tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àfi bíi pé kò sí nínú omi ni. Ìkejì ni pé ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé, débi pé bí èèyàn bá fi ipá já ọ̀pá sókè, ìwọ̀ á fà á ya, ẹja á sì padà sódò.

Ìdẹ àtọwọ́dá ni crankbait. Èyí tí a ń lò fún crappie gùn tó ínṣì 2, wọ́n fi ike ṣe é bí ẹja kékeré, wọ́n so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀, ike pẹlẹbẹ kan sì yọ síwájú bí ètè. Bí ọkọ̀ bá dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn á léfòó. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fà á ni omi á kọlu ètè yẹn, á tì í lọ sísàlẹ̀, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bí ẹja tó ń sá àsálà. Okùn tí a bá tú sílẹ̀ ló ń sọ ibi tí yóò jìn dé. Okùn tín-ín-rín máa ń jẹ́ kí ó jìn ju okùn tó nípọn lọ, torí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i dì mú. Bí okùn bá sì ti gùn dé ìwọ̀n kan, omi tó ń di okùn náà mú á borí agbára ètè, òmíràn tí a bá tú kún un kò ní mú ìdẹ jìn sí i mọ́. Nínú ọkọ̀ tèmi, okùn tó lè gbé ẹrù pọ́n-ùn 10 kó tó já ni mò ń lò, pẹ̀lú rílì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí, tó ní òǹkà lára, tó ń ka okùn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Bí òǹkà bá dé 100, mo mọ̀ pé ìdẹ mi wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ 60, ó lé díẹ̀ ní 8. Ìyára mi kì í kúrò láàárín máìlì 1.5 sí 2 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì ni mo sì fi ń wa ọkọ̀ náà, nítorí kì í rọrùn láti mú ẹ́ńjìnnì ńlá rìn pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ ooru. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1957, lórí adágún Enid, tó wà lára àwọn adágún tí ẹ̀ka ológun onímọ̀-ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ṣe láti dènà omíyalé ní Mississippi, wọ́n fa crappie funfun kan jáde tó wọn pọ́n-ùn 5 àti áwùnsì 3, òun ló sì wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó tóbi jù lágbàáyé nínú irú rẹ̀. Èmi kò sọ pé crankbait ni wọ́n fi mú un o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìparí oṣù keje ni, nínú ooru tí òǹkọ̀wé yín ní ká fi lọ sùn.

Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Nígbà ooru, omi òkè á gbóná, á fúyẹ́, á sì jókòó lé omi tútù tó wúwo nísàlẹ̀ láìdàpọ̀ mọ́ ọn. Omi ìsàlẹ̀ yẹn kì í rí atẹ́gùn tuntun gbà, ọ́síjìn inú rẹ̀ á máa tán lọ díẹ̀díẹ̀, títí ibẹ̀ kò fi ní ṣeé gbé fún ẹja mọ́. Crappie kò fẹ́ ooru òkè, kò sì lè mí dáadáa nísàlẹ̀, ló bá fi ara rẹ̀ sí àárín, níbi tí àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní shad, tí í ṣe oúnjẹ rẹ̀, náà wà. Àwọn crappie kì í rọ̀ mọ́ igi inú omi bíi ti ìgbà ìrúwé mọ́; wọ́n á fọ́n káàkiri gbangba omi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn á wà ní jíjìn kan náà. Ẹni tó bá jókòó sójú kan tó ju ìwọ̀ sílẹ̀ lè jókòó di alẹ́. Ẹni tó ń wọ́ ìdẹ lọ ní jíjìn yẹn, láti máìlì kan dé òmíràn, ni yóò bá wọn pàdé.

Ní ti àwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà lórí adágún Grenada kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀pá mẹ́rin la nà sẹ́yìn ọkọ̀, méjì méjì ní apá kọ̀ọ̀kan. Píńkì ni òun fi sórí méjèèjì tirẹ̀, nítorí ní àgbègbè wa, bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá ní àwọ̀ tí crappie fẹ́ràn, píńkì ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ fi máa lù, a ti ní ẹja méje, ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì mú gbogbo wọn, ìyẹn ọ̀pá mi tó gbé ìdẹ aláwọ̀ eérú. Ọ̀rẹ́ mi yọ píńkì kan, ó fi píńkì tó tàn jù ú lọ sí i; ó tún yọ ìyẹn, ó fi èyí tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn. Kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kó bá mi ka òǹkà rílì rẹ̀. Ó ní 110 ni méjèèjì. Tèmi tó ń mú ẹja wà ní 75. Ẹ̀rọ tó ń fi inú omi hàn sì ti ń sọ ọ́ fún wa láti àárọ̀, à kàn ń fojú fò ó ni: ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 11 ni àwọn ẹja náà tò sí, ìdẹ tirẹ̀ sì ń gba abẹ́ ikùn wọn kọjá. Ó ká okùn padà sí 75, pẹ̀lú píńkì àkọ́kọ́ tó ti bú títí. Mo ṣì ń ṣí ìgò omi mi lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀. Àwọ̀ ní ìwúlò tirẹ̀, pàápàá bí òjò bá ti da omi rú tí ìdẹ nílò láti tàn kí ẹja tó rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pààrọ̀ àwọ̀ nígbà tí kò tíì mọ ibi tí ìdẹ rẹ̀ jìn dé, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ló dùn mí jù. Bí ìdẹ bá ń rìn dáadáa, orí ọ̀pá á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Bí ewé kan ṣoṣo bá kọ́ ọ, gbígbọ̀n yẹn á dáwọ́ dúró, ẹni tí kò bá sì fojú sí i lè máa wọ́ ewé kiri fún wákàtí kan. Ìdẹ kan lè máa yà sápá òsì, kó sì lọ lọ́ mọ́ okùn kejì. Irin kékeré tí a so okùn mọ́ níwájú rẹ̀ la ó rọra fi ẹ̀mú tẹ̀ sí òdìkejì, díẹ̀ báyìí, ká tún wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yí, àwọn ìdẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú á falẹ̀, ti ìta á yára, ẹ̀gbẹ́ tí ẹja bá sì ti gbé e ló máa sọ fún wa bóyá ká dín ìyára kù tàbí ká fi kún un. Kùkùté pọ̀ nísàlẹ̀ àwọn adágún yìí. Bí ìdẹ bá gbá ọ̀kan, ẹni tí kò mọ̀ á fà á, ìwọ̀ á sì wọ igi. Ẹni tó mọ̀ á dẹ okùn lójú ẹsẹ̀, ìdẹ á léfòó padà sẹ́yìn, á sì bọ́. Nígbà tí ẹja bá sì gbé e, a kì í já ọ̀pá, a kì í sì dá ọkọ̀ dúró lójijì, torí okùn tó bá dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ kí ìwọ̀ yọ lẹ́nu tó fẹ́lẹ́ yẹn. A ó máa ká a bọ̀ wẹ́rẹ́, àwọ̀n ni a ó sì fi gbé e. Òfin ìpínlẹ̀ ní kí a dá èyí tí kò bá gùn ju ínṣì 12 lọ padà sómi lórí àwọn adágún wọ̀nyí, nítorí náà ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ ṣì wà lódindi.

Omi náà kì í sì í dúró sójú kan. Nítorí pé dídènà omíyalé ni wọ́n ṣe àwọn adágún yìí fún, bí ìgbà ooru bá ti ń parí lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí tú omi sílẹ̀ kí àyè lè wà fún òjò tó ń bọ̀. Kùkùté tí ìdẹ mi gba òkè rẹ̀ kọjá nínú oṣù keje lè gba ìdẹ náà lọ́wọ́ mi nínú oṣù kẹwàá, pẹ̀lú òǹkà 100 kan náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún òǹkọ̀wé yín pé bí ó bá tún gba ìhà wa kọjá ní oṣù keje, àyè kan wà fún un nínú ọkọ̀ mi. Kó mú ìdẹ aláwọ̀ tó bá wù ú dání. Èmi yóò máa wa ọkọ̀, òun yóò sì máa ka òǹkà rílì sókè fún mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti àríwá Mississippi