Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi, ẹni tí Bàbá gbé ọ̀bẹ lé lọ́wọ́

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé o. Láti ọjọ́ ìnáwó tí a jọ lọ ṣe ní Ìjerò ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Ẹ ṣí fìlà, oòrùn ọ̀sán kan ojú yín, mo sì rí i pé funfun ojú yín ti pọ́n bí ìyeyè. Ẹ ní ibà ni, pé ẹ ti ń mu àgbo sí i.

Ṣé ẹ rántí ìdí àtẹ ẹran Bàbá l'Ádó? Àwa yòókù ń fọ ṣàkì, à ń lé eṣinṣin. Ẹ̀yin nìkan ni Bàbá ń gbé ọ̀bẹ kékeré fún láti yọ òróòro lára ẹ̀dọ̀. Ẹ á fi àtàǹpàkò gbé ẹ̀dọ̀ sókè, àpò kékeré aláwọ̀ ewé yẹn á yọjú lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì ní mí títí ẹ ó fi gé e kúrò. Ọjọ́ tó bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ náà korò, a ò rí i tà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ṣe rí. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ èèyàn wà, ó tó nǹkan bíi kílò kan àbọ̀, òróòro sì so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀: ọ̀kan ń ti ọkàn bọ̀, èkejì, èyí tó pọ̀ jù, ń ti ìfun bọ̀. Nítorí náà, iyán àárọ̀, páràgà ìrọ̀lẹ́, egbò tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà wọ́n lálejò. Òun ló ń tọ́jú ṣúgà inú iyán pa mọ́, tí á máa bù ú fún ara díẹ̀díẹ̀ lóru. Òun ló ń pa oró ọtí. Tí ọ̀bẹ bá sì ṣá yín, òun ló ti pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbó máa ń fi àwọ̀ ìyeyè sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o sínú òróòro kó lè bá ìgbẹ́ jáde. Tí agbára rẹ̀ ò bá gbé e mọ́, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àwọn àgbà tó pè é ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mọ ohun tí wọ́n rí.

Ó lè jẹ́ mẹ́dọ̀wú, tí kòkòrò rẹ̀ lè gba ojú abẹ ìfárí tí wọ́n ti fi fá orí ẹlòmíràn wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni. Ó lè jẹ́ ọtí. Ó lè jẹ́ àgbo yẹn gan-an. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ó lè máa bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdun ẹni. Ohun tó ń fún mi nírètí ni pé tí wọ́n bá gé apá kan lára ẹ̀dọ̀ tó yá, èyí tó kù lè tún hù padà. Tí a bá tètè dá ohun tó ń jẹ ẹ́ dúró, ó lè gba ara rẹ̀ là.

Bàbá máa ń ní ká fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro tí inú bá ń bí wa. Bọ̀dá, mo ti fi í lé e tó. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni màá wọ̀ wá bá yín ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyàwó yín ti mọ̀. Òun àtàwọn ọmọ náà á ṣe àyẹ̀wò, torí abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú oríṣi B wà fún ẹni tí kò tíì kó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu àgbo títí n ó fi dé, ẹ má sì máa da paracetamol lu ọtí. Owó àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ mi. A ó jọ jókòó sí ilé àyẹ̀wò títí wọ́n á fi pe orúkọ yín.

Èmi àbúrò yín